Ẹjọ́ Àwọn Ọmọbìnrin Mẹ́tàlá ní Madrid, Oṣù Kẹjọ 1939

Lẹ́tà ni wọ́n fi pe Adelina García Casillas. Ọmọ ọdún 19 ni, bàbá rẹ̀ sì wà nínú Guardia Civil, ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ilẹ̀ Spéìn tó ń ṣiṣẹ́ bíi sójà. Lẹ́tà náà sọ pé ìbéèrè díẹ̀ lásán ni wọ́n fẹ́ bi í, kí ó ṣáà yọjú. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ, kò sì padà wọlé mọ́. Ní ti Julia Conesa, tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún 19, ìdí aṣọ tó ń rán nílé ni wọ́n ti wá mú un ní oṣù Karùn-ún 1939. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí wọ́n fi to àwọn méjèèjì àti obìnrin mọ́kànlá mìíràn sí ẹ̀bá ògiri itẹ́ òkú Ìlà-Oòrùn ní Madrid, tí wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ. Ogun abẹ́lé ti parí láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà. Las Trece Rosas ni àwọn ará Spéìn ń pè wọ́n títí dòní, ìyẹn Òdòdó Róòsì Mẹ́tàlá.

Mo fẹ́ to ẹjọ́ yìí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ẹni tó bá yẹ ẹjọ́ kan ṣoṣo yìí wò fínnífínní yóò mọ bí ìjọba Franco, ọ̀gágun tó borí nínú ogun náà, ṣe ń ṣiṣẹ́ ju ẹni tó kàn gbọ́ àròpọ̀ iye òkú lọ. Ìbọn ló pa wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ló mú wọn dé iwájú ìbọn: orúkọ tó wà nínú fáìlì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ìyà gbà lẹ́nu ẹlòmíràn, ìwé ẹ̀sùn, àti òǹtẹ̀ àwọn adájọ́ ológun.

Ọjọ́ 17 oṣù Keje 1936 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀gágun kan dìtẹ̀ mọ́ ìjọba Olómìnira tí àwọn ará ìlú dìbò yàn ní oṣù Kejì ọdún náà. Apá ilẹ̀ Mòrókò tó wà lábẹ́ Spéìn ni ọ̀tẹ̀ náà ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, wọ́n ti fi Ọ̀gágun Francisco Franco jẹ olórí ní ìlú Burgos, Hitler àti Mussolini sì ń kó ọkọ̀ òfurufú, ohun ìjà àti ọmọ ogun ránṣẹ́ sí i. Nacionales ni wọ́n ń pe ara wọn, bí ẹni pé àwọn nìkan ni ọmọ onílẹ̀. Àwọn tó kù, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ tó wọ ẹgbẹ́, olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ láìfi ti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, àgbẹ̀ tó béèrè ilẹ̀, tàbí ará Catalonia tó fẹ́ máa sọ èdè ìyá rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan: ọ̀tá Spéìn. Ẹni tí a bá ti kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ọmọ ilé, kò le mọ́ láti tì í síta.

Ibi tí òfin wọn ti dorí kodò nìyí, ó sì yẹ kí òǹkàwé fara balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀sùn tí ilé ẹjọ́ ológun máa ń kà sí àwọn ènìyàn lọ́rùn ni "dídarapọ̀ mọ́ ọ̀tẹ̀". Àwọn ọ̀gágun ló dìtẹ̀. Ẹni tó dúró ti ìjọba tó wà lórí àléfà, tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu, tó ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì rẹ̀ tàbí nínú ẹgbẹ́ tí òfin rẹ̀ gbà láàyè, òun ni wọ́n wá ń dá lẹ́bi ọ̀tẹ̀. Ramón Serrano Suñer, tí òun àti Franco jọ fẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tó sì jẹ́ mínísítà pàtàkì nínú ìjọba náà, fi ẹnu ara rẹ̀ pe èyí ní ìdájọ́ òdì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kò sì dúró lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ogun nìkan. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì 1939, tí ogun kò tíì parí pàápàá, wọ́n gbé òfin kan jáde lórí ohun tí wọ́n pè ní ẹ̀bi òṣèlú, òfin náà sì na ọwọ́ sẹ́yìn dé ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1934. Ohun tí kò lòdì sí òfin kankan ní ọjọ́ tí ènìyàn ṣe é ti di ẹ̀ṣẹ̀ ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, onítọ̀hún sì lè pàdánù ilé, owó àti iṣẹ́ nítorí rẹ̀.

Wọ́n ti múra sílẹ̀ de Madrid tipẹ́. Láti oṣù Kọkànlá 1936, nígbà tí wọ́n lérò pé ìlú náà yóò bọ́ sọ́wọ́ wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti ṣe òfin ìgbẹ́jọ́ wàràwàrà fún un, wọ́n sì ti yan àwọn ológun tí yóò máa bójú tó ẹjọ́ níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀ka náà kò fara sin rárá: ẹ̀ka ìdájọ́ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Agbàlú. Olú-ìlú orílẹ̀-èdè àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń pè ní ìlú tí wọ́n gbà. Ìlú náà kò ṣubú ní 1936. Ó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 1939 kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, lẹ́yìn ọdún méjì àti ààbọ̀ tí ebi, òtútù àti bọ́ǹbù ti fojú àwọn ará ibẹ̀ rí màbo.

Wọn kò ní láti wá ènìyàn kiri púpọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Segismundo Casado tó wà lápá ìjọba Olómìnira ti yí padà sí ìjọba náà, ó ní òun fẹ́ bá Franco ṣe àdéhùn àlàáfíà, ó sì kó ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì sí àtìmọ́lé. Franco kò bá a ṣe àdéhùn kankan. Ó kàn gba ìlú ni, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan sì wà nínú ọgbà tí wọn kò tíì jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n pàṣẹ fún àwọn aṣọ́nà ilé alájà kí wọ́n wá ròyìn àwọn tó ń gbé inú ilé wọn. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rọrùn tó: ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ láràárọ̀, tó mọ àsìkò tí o wọlé àti ẹni tó wá kí ọ, òun gan-an ni wọ́n pè wá jẹ́rìí, òun náà sì mọ̀ pé tí òun kò bá sọ nǹkan kan, wọn yóò béèrè lọ́wọ́ òun ìdí tí òun fi dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ní láti wá ìwé ìjẹ́rìí-ìwà lọ sọ́dọ̀ fádà, ọ̀gá nínú Falange, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú ìjọba Franco, tàbí ẹlòmíràn tí ìjọba tuntun gbẹ́kẹ̀ lé. Tálákà tí kò mọ irú wọn kò ní ẹ̀rí.

Ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọmọbìnrin mẹ́tàlá náà wà ni JSU, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1936 nígbà tí ọ̀dọ́ Sósíálísìtì àti ọ̀dọ́ Kọ́múnísìtì para pọ̀. Nígbà tí Madrid ṣubú, àwọn díẹ̀ tó kù gbìyànjú láti tún ẹgbẹ́ náà tò ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n máa rí owó àti oúnjẹ fi ran àwọn tó wà lẹ́wọ̀n àti ẹbí wọn lọ́wọ́. Ọmọkùnrin ẹni ọdún 21 kan ló ń darí wọn. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní oṣù Karùn-ún, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ títí ó fi dárúkọ. Láti orí rẹ̀, orúkọ kan ń bí orúkọ mìíràn, títí ẹgbẹ́ náà fi ya bí aṣọ tí wọ́n fa òwú kan yọ nínú rẹ̀. Èmi kò lè dá ọmọ náà lẹ́bi. Ẹni tí kò bá tíì jókòó sórí àga tí wọ́n gbé e jókòó sí, kò mọ ohun tí ẹnu òun náà yóò sọ.

Ta ni àwọn obìnrin yìí? Ọ̀pọ̀ wọn ń ránṣọ jẹun. Pilar Bueno, Martina Barroso, Carmen Barrero, Ana López Gallego, Virtudes González, abẹ́rẹ́ àti òwú ni iṣẹ́ wọn. Láti ọmọ ọdún 12 ni Carmen ti wà nídìí rẹ̀. Pilar yọ̀ǹda ara rẹ̀ nígbà ogun láti tọ́jú àwọn ọmọ tí kò ní òbí mọ́. Ohun tó fa Julia Conesa wọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́ òṣèlú kan. Pápá eré ìdárayá tí ẹgbẹ́ náà ní ló wù ú ní òpin ọdún 1937, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì fi í ṣe alábòójútó. Nígbà tí owó wọ́n nílé, ó di kọ̀ńdọ́kítọ̀ nínú tíràmù, ó ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò. Victoria Muñoz jẹ́ ọmọ ọdún 18. Virtudes, ọmọ ọdún 18, pàdé ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, ẹjọ́ kan náà ló sì gbé àwọn méjèèjì lọ.

Èyí tó dàgbà jù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń dùn mí jù, ni Blanca Brisac. Ọmọ ọdún 29 ni, ó ń tẹ dùùrù, ó ní ọkọ, ó sì ní ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan. Kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ọmọ ìjọ Àgùdà tó ń lọ sí Máàsì ni, apá ọ̀tún ló sì máa ń dìbò fún, ìyẹn apá tí àwọn Franco gan-an ń sọ pé àwọn ń gbèjà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé òun àti ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olórin, mọ olórin mìíràn kan tó wà nínú ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì. Tí ìjọba náà bá ń wá ọ̀tá tòótọ́, kò yẹ kí orúkọ Blanca wà nínú fáìlì rárá. Ṣùgbọ́n fáìlì tí wọ́n ti ṣí gbọ́dọ̀ kún.

Ventas ni wọ́n kó wọn lọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n obìnrin tuntun ni, tí ìjọba Olómìnira ṣí ní 1933. Victoria Kent, tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà fún gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ náà, ló ronú rẹ̀ sílẹ̀ kí obìnrin tó ń ṣẹ̀wọ̀n lè rí àyè, ìmọ́lẹ̀ àti omi fi wẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ́ fún nǹkan bí 450 obìnrin ni wọ́n wá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí ní 1939. A gbọ́ pé wọ́n tó 4,000. Wọ́n sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sórí àtẹ̀gùn, sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìyá pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Jákèjádò ilẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fá irun orí àwọn obìnrin tó wà lápá Olómìnira, tí wọ́n ń fipá mú wọn mu epo lárà kí inú wọn lè ṣí lójú gbogbo ènìyàn. Fún àwọn ọmọbìnrin tó ṣì kéré ní Ventas, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ wọn ṣètò ẹ̀kọ́ kíkà àti kíkọ nínú iyàrá wọn. Àwọn mẹ́tàlá náà sì ní ìrètí. Ọmọdé ni wọ́n, wọn kò pa ẹnikẹ́ni. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń retí ni ẹ̀wọ̀n ọdún díẹ̀.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Extremadura, nítòsí Talavera de la Reina, ní ìparí oṣù Keje. Isaac Gabaldón, ọ̀gá kan nínú Guardia Civil, ń bọ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò tíì pé 20 ọdún àti awakọ̀ rẹ̀, nígbà tí àwọn kan dá ọkọ̀ náà dúró tí wọ́n sì pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gabaldón kì í ṣe ọlọ́pàá lásán. Ọwọ́ rẹ̀ ni ibi ìpamọ́ ìwé lórí àwọn Kọ́múnísìtì àti àwọn Másọ́ọ̀nù (ọmọ ẹgbẹ́ awo Freemason) wà, ìyẹn ni pé òun ló ń ṣọ́ àwọn fáìlì gan-an. Ikú ọmọdébìnrin tó wà nínú ọkọ̀ náà burú jáì, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n pa wọ́n lójú ọ̀nà yẹn, inú ẹ̀wọ̀n ni àwọn ọmọbìnrin Ventas wà, òmíràn ti lo ju oṣù méjì lọ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin mìíràn ni wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀sùn ìpànìyàn náà kàn. Ìjọba kò dúró. Ó fẹ́ kí ìlú rí ẹ̀jẹ̀ kíákíá, ó sì na ọwọ́ mú àwọn tó wà nítòsí.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, wọ́n kó àwọn olùjẹ́jọ́ tí iye wọn súnmọ́ 60 jọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọkùnrin. Irú ìgbẹ́jọ́ wàràwàrà bẹ́ẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀. Ológun ni adájọ́, ológun ni agbẹjọ́rò ìjọba, ológun náà ni ẹni tí wọ́n ní kó gbèjà olùjẹ́jọ́, kò sì pọn dandan kó mọ̀ nípa òfin. Kì í sábà rí fáìlì náà ju wákàtí díẹ̀ lọ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á ka ẹ̀sùn gbogbo wọn pọ̀, àwọn agbèjà á tọrọ kí wọ́n dín ìyà kù, ìdájọ́ á sì jáde. Ọ̀rọ̀ ikú Gabaldón kò sí nínú ohun tí wọ́n dá wọn lẹ́bi rẹ̀. Dídarapọ̀ mọ́ ọ̀tẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ikú ni fún gbogbo wọn àfi ẹyọ obìnrin kan tó gba ẹ̀wọ̀n ọdún 12.

Láti ìgbà tí ìdájọ́ jáde títí di ìgbà tí wọ́n yìnbọn, kò pé ọjọ́ méjì. Òǹkàwé lè fúnra rẹ̀ ṣírò bóyá ìwé ìtọrọ àánú lè ti Madrid dé Burgos, kí ẹni tó ní àṣẹ kà á, kó ronú, kí èsì sì padà dé láàárín àkókò yẹn. A ti rí àwọn ìjọba tó ń pa ènìyàn láìṣe ẹjọ́ rárá, Franco náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa ní 1936, ní Badajoz, ní Seville, ní Granada. Èyí yàtọ̀. Wọ́n fẹ́ kí ìwé wà. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá béèrè lọ́la rí nọ́ńbà ẹjọ́, ọjọ́, ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀, kó sì dákẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ 4, wọ́n pè wọ́n jáde láti inú iyàrá wọn lọ sí ilé àdúrà ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Àwọn tó ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ tí wọ́n sì yè sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún fádà. Wọ́n kọ lẹ́tà. Wọ́n pín ohun kékeré tí wọ́n ní fún àwọn tó kù. Ohun tí àwọn kan nínú wọn tọrọ ni kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kú pẹ̀lú ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin wọn, nítorí ọkùnrin 43 ni wọ́n fẹ́ yìnbọn pa ní òwúrọ̀ kan náà, ọkọ Blanca sì wà lára wọn. Kí ọkọ̀ ẹrù tó gbé àwọn obìnrin náà tó dé ibẹ̀, wọ́n ti pa àwọn ọkùnrin náà tán.

Itẹ́ òkú náà kò jìnnà sí Ventas rárá. Ẹni tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n lè gbọ́ ìbọn láàárọ̀ kùtùkùtù, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì ti kọ́ bí a ti ń kà á: ìró ńlá kan fún gbogbo wọn lápapọ̀, lẹ́yìn náà ọta kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń parí ẹni tí kò tíì kú. Wọ́n kà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ. Wọ́n mọ iye tí ó yẹ kó jẹ́.

Wọ́n ní obìnrin kẹrìnlá kan, Antonia Torre Yela, tí ìdájọ́ ikú kan náà wà lórí rẹ̀. Akọ̀wé tó tẹ orúkọ rẹ̀ ṣe àṣìṣe, ó tẹ̀ ẹ́ bí orúkọ ọkùnrin, Antonio, ó sì tún ṣi orúkọ ìdílé rẹ̀ tẹ̀. Nítorí pé orúkọ inú ìwé kò bá ti ẹni tó wà nínú ẹ̀wọ̀n mu, wọn kò lè mú un jáde lọ́jọ́ náà. Ìjọba tí kò bìkítà bí ẹ̀sùn ṣe jẹ́ òtítọ́ tàbí irọ́ bìkítà gan-an bí lẹ́tà inú orúkọ ṣe tò. Wọ́n tún ìwé rẹ̀ ṣe, wọ́n sì yìnbọn pa á ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì 1940. Àṣìṣe akọ̀wé lásán ló fún un ní oṣù mẹ́fà àti ààbọ̀ láyé.

Lẹ́tà Julia Conesa dé ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni má sunkún òun. Ó ní wọ́n ń pa òun láìṣẹ̀, òun yóò sì kú bí ó ti yẹ kí aláìṣẹ̀ kú. Ó fi ìyá rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ó fi ìlà kan parí rẹ̀: "Kí orúkọ mi má ṣe parẹ́ nínú ìtàn." Mo ti ronú lórí ìlà yìí púpọ̀. Ọmọ ọdún 19 tó ń gba owó nínú tíràmù ni, kò ṣe ohun kan tí àwọn òǹkọ̀tàn máa ń wá kiri, kò sì sí ìdí tí ìtàn yóò fi mọ̀ ọ́n bí kì í bá ṣe ikú yẹn. Ó ṣe bí ẹni pé ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe gan-an: kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú fáìlì wọn, kí fáìlì náà sì jẹ́ ibì kan ṣoṣo tí orúkọ náà kù sí.

Blanca kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀. Ó sọ fún un pé òun yóò kú pẹ̀lú orí òun lókè, ó ní kó nífẹ̀ẹ́ gbogbo ènìyàn, kó má sì di àwọn tó pa òbí rẹ̀ sínú láé, nítorí ènìyàn rere kì í dì sínú. Ẹbí rẹ̀ ni lẹ́tà náà dé ọwọ́ wọn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 16 kí wọ́n tó fi lé ọmọ náà lọ́wọ́. Nígbà yẹn ó ti di ọkùnrin ẹni ọdún 27, ó sì ti gbé gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ lábẹ́ ìjọba tó sọ ọ́ di ọmọ òrukàn.

Àwọn alátìlẹ́yìn Franco máa ń ní èsì kan, kò sì yẹ kí a ṣe bí ẹni pé a kò gbọ́ ọ. Àwọn ènìyàn kú lọ́wọ́ apá Olómìnira náà, ó súnmọ́ 50,000 ní gbogbo àgbègbè wọn. Ní oṣù Kọkànlá àti Kejìlá 1936, wọ́n kó ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì jáde nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Madrid lọ sí Paracuellos àti Torrejón, wọ́n sì pa wọ́n síbẹ̀. Òótọ́ ni, ìwà ọ̀daràn sì ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 ni Victoria àti Virtudes nígbà yẹn. Franco ṣí ìwádìí ńlá kan ní oṣù Kẹrin 1940, Causa General, láti kó gbogbo ẹ̀bi apá kejì jọ, kò sì ṣí irú rẹ̀ fún apá tirẹ̀. Òkú kan ní sàréè, òkuta orúkọ àti Máàsì. Òkú kejì wà nínú kòtò lẹ́bàá ọ̀nà, ìyá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ aṣọ dúdú.

Ẹjọ́ àwọn mẹ́tàlá kì í ṣe èyí tó yàtọ̀. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Lẹ́bàá ògiri kan náà, láti 1939 sí 1944, iye ènìyàn tí wọ́n yìnbọn pa lé ní 2,600. Jákèjádò Spéìn, ọ̀pọ̀ àwọn òpìtàn gbà pé wọ́n pa nǹkan bí 50,000 lẹ́yìn tí ogun parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1940, ìjọba fúnra rẹ̀ ka ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 270,000. Òfin mìíràn jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 1940 lòdì sí àwọn Másọ́ọ̀nù àti Kọ́múnísìtì. Ó di 1948 kí wọ́n tó kéde pé ipò ogun ti kásẹ̀ nílẹ̀, ìyẹn ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí Franco sọ pé ogun ti parí. Ní gbogbo àkókò yẹn, ilé ẹjọ́ ológun ló ń dá ará ìlú lẹ́jọ́.

Franco kú sórí ibùsùn rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá 1975. Ní oṣù Kẹwàá 1977, ilé aṣòfin tuntun ṣe òfin ìdáríjì tó tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí, kò sì sí adájọ́ ológun kan tó tíì jẹ́jọ́ lórí ẹjọ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 1939. Wọ́n ti wó ọgbà ẹ̀wọ̀n Ventas ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ògiri itẹ́ òkú náà ṣì dúró, wọ́n sì fi wàláà kan sí i lára ní 1988 tí orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá wà lórí rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń gbé òdòdó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún.

Òfin ọdún 2007 lórí ìrántí ìgbà yẹn sọ pé àwọn ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò bófin mu, ṣùgbọ́n kò fagi lé ìdájọ́ wọn. Nínú ìwé, àwọn mẹ́tàlá náà ṣì jẹ́ ọlọ́tẹ̀ fún ọdún 15 sí i. Ó di oṣù Kẹwàá 2022 kí òfin tuntun tó sọ gbogbo ìdájọ́ àwọn ilé ẹjọ́ náà di òfo láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó ti pé ọdún 83 tí wọ́n ti sọ fún Julia Conesa pé ó darapọ̀ mọ́ ọ̀tẹ̀.